Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ẹni Tí Iyè Rẹ̀ Yí Padà?

Ní ìparí oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àgbádárìgì gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nílé ní Ajárá, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí kí n tó sanwó.” Ìpolówó ẹ̀kọ́ kan ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi Sátidé àti Sọ́ńdè kan ṣoṣo jókòó síwájú fóònù rẹ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí, yóò sì lè máa lo mímí kíkankíkan láti yí iyè àwọn tí ìbànújẹ́ tàbí ìjayà ń dà láàmú padà, kí wọ́n lè rí ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn, kí wọ́n sì gba ìwòsàn. Ọmọ náà kò gọ̀, kò sì bi mí bóyá irọ́ ni. Ohun tó bi mí ni pé, “Ṣé ọjọ́ méjì lè tó?”

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn ìjọba, ilé ìwòsàn àti yunifásítì ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà ń bá fà á lọ́wọ́lọ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn oníwádìí ti padà sídìí ìtọ́jú tó ń yí iyè padà, oògùn tí wọ́n ń lò sì ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ń pariwo. Lójú tèmi, ẹni tí yóò jókòó ti aláìsàn nígbà tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ gbayawu ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò dáadáa: ohun tó kọ́, iye ọjọ́ tó fi kọ́ ọ, ẹni tó kọ́ ọ, àti ẹni tó lè bi í léèrè bó bá ṣàṣìṣe.

Ìyípadà iyè fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àlá tí à ń lá lóru, ìsọkúsọ ẹni tí ibà gbóná mọ́, jíjó tí ènìyàn ń jó títí tí kò fi mọ ibi tó wà mọ́, gbogbo wọn jẹ́ ipò tí ọkàn kò ti rí bó ṣe máa ń rí. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún un kò kéré: òrìṣà gun ẹlégùn, ẹ̀mí gbé wòlíì, iyè ẹnìkan ṣí, iyè ẹlòmíràn ra. Ní Àgbádárìgì, níbi tí àwa Yorùbá àti àwọn ará wa tó ń sọ èdè Ògù jọ ń gbé, ọmọdé kì í dàgbà láìrí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí kò jìnnà sí wa lẹ́yìn ẹnubodè, ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sẹ́lẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947. Ohun tí mo ti ń kíyè sí láti kékeré ni pé wọn kì í fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí ẹ̀mí bá gbé obìnrin kan nínú ìsìn, àwọn kan yóò yí i ká kó má bàa forí sọ ògiri, ẹnìkan yóò tún aṣọ rẹ̀ so kó má bàa tú, ẹlòmíràn yóò mú bírò àti ìwé láti kọ ohun tó bá sọ, nítorí pé nígbà tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè má rántí. Egúngún kì í jáde láìsí atọ́kùn. Ẹni tí Ṣàngó ń gùn kì í ti ojú agbo bẹ̀rẹ̀. Inú ilé òrìṣà ni wọ́n ti ń mú un mọ bí yóò ṣe lọ àti bí yóò ṣe bọ̀. N kò sọ pé ìsìn àti ìtọ́jú ilé ìwòsàn jẹ́ ohun kan náà. Mo kàn fẹ́ kí ó wà lọ́kàn wa, bí a ṣe ń ka ìyókù, pé ìlú tí òrìṣà àti ẹ̀mí ti ń gun ènìyàn láti ayébáyé ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò dúró tì í tipẹ́tipẹ́.

Ìtọ́jú ọkàn tó wọ́pọ̀ ni ìtọ́jú ọlọ́rọ̀, èyí tí olùtọ́jú àti aláìsàn fi ń jókòó sọ̀rọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, títí ẹrù tó wúwo yóò fi di èyí tó ṣeé gbé. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu wọn: ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, sójà tó ti ojú ogun dé, ẹni tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé mọ́ lórí ọ̀sà tó sì ń wo àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń rì. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dé ibi ọ̀rọ̀ náà gan-an, àyà wọn á já, ara á gbọ̀n, ẹnu á sì pa dé. Èrò àwọn tó ń lo ìyípadà iyè ni pé bí ìbẹ̀rù bá lè rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, tàbí kí ọkàn yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń tọ̀ lójoojúmọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wo ohun tó ti ń sá fún, kó sì sọ ọ́ síta.

Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn ọ̀nà náà lọ́wọ́ àwọn dókítà òde òní ni hypnosis, orúkọ tí James Braid, dókítà ará Scotland kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, mú kó gbilẹ̀ láàárín ọdún 1840 sí 1850. Bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, ọkàn rẹ̀ yóò sáré lọ sí múnimúyè, èyí tí àwọn gbájú-ẹ̀ fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ọ̀tọ̀ ni ti ilé ìwòsàn. Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú kò sùn, ó ń gbọ́, ó sì lè kọ̀. Ọkàn rẹ̀ ló pa pọ̀ sójú kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ń tètè gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1955, ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1958. Ṣùgbọ́n títètè gba ọ̀rọ̀ yìí náà ni ewu rẹ̀. Bí olùtọ́jú tí kò kọ́ṣẹ́ dáadáa bá ń bi aláìsàn pé, “Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré?” nígbà tí kò sí ẹni tó sọ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, aláìsàn lè rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ra fún ẹ̀rí tó bá ti inú hypnosis jáde. Ọ̀nà tí à ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tó gba oṣù púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ.

Mímí tí wọ́n ń polówó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìtàn tirẹ̀. Stanislav Grof, dókítà ọpọlọ ọmọ bíbí Prague, ti fi LSD, oògùn kan tó ń yí iyè padà, ṣe ìwádìí lára àwọn aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1967. Nígbà tí òfin ká oògùn náà mọ́, òun àti Christina ìyàwó rẹ̀ ní California gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tó jẹ́ pé mímí, orin àti ìfọwọ́tọ́jú-ara ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú ètò wọn, ènìyàn méjì méjì ni wọ́n ń pín sí: ẹnìkan ń mí, ẹnì kejì jókòó tì í fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ di olùdarí gbọ́dọ̀ ti mí lọ́pọ̀ ìgbà, kó ti jókòó ti ẹlòmíràn lọ́pọ̀ ìgbà.

Mímí dà bí ohun tí kò léwu nítorí pé gbogbo wa la ń mí. Bí ènìyàn bá ń mí kíákíá tó sì ń mí jinlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ jù, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ yóò fún, ọwọ́ àti ètè rẹ̀ yóò máa ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ìka rẹ̀ lè ká kò kó má ṣeé nà. Ara tó le lè gbà á. Aláboyún, ẹni tí wárápá ń ṣe, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí àyà rẹ̀ kò lu déédéé, àti ẹni tí àrùn ọpọlọ líle ti ṣe rí, kò yẹ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Nínú ìpolówó tí mo kà, kò sí ọ̀rọ̀ kan lórí àwọn wọ̀nyí.

Ti oògùn ni ìròyìn rẹ̀ pọ̀ jù. Albert Hofmann ló kọ́kọ́ ṣe LSD ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland ní 1938, ọdún 1943 ló sì tó mọ ohun tó ń ṣe sí iyè. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ dókítà ní Yúróòpù, Kánádà àti Amẹ́ríkà fi ṣe ìtọ́jú, kó tó di pé ó bọ́ sígboro, tí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1971 sì fi òfin dè é. Èyí tí wọ́n ń wádìí jù báyìí ni psilocybin, èròjà inú oríṣi olú kan, àti MDMA, tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní Molly.

Nínú ìwádìí ńlá kejì lórí MDMA fún àwọn tí ìjayà ohun tó ti kọjá kò fi lọ́rùn sílẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, ẹni 104 ló kópa. Nínú 100 àwọn tó gba oògùn pẹ̀lú ìtọ́jú ọlọ́rọ̀, nǹkan bí 71 ni kò ní àmì àìsàn náà tó láti pè é ní àìsàn mọ́ nígbà tí wọ́n parí. Ṣùgbọ́n nínú 100 àwọn tó gba oògùn àfarawé pẹ̀lú ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ kan náà, nǹkan bí 48 náà bọ́. Iye kejì yìí ló mú mi lọ́kàn jù. Àwọn wọ̀nyẹn kò gba nǹkan kan tó yí iyè wọn padà. Ohun tí wọ́n gbà ni àwọn olùtọ́jú méjì tó kọ́ṣẹ́, tó jókòó tì wọ́n: ìjókòó ìmúrasílẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọjọ́ oògùn mẹ́ta tó jẹ́ wákàtí mẹ́jọ níkọ̀ọ̀kan, àti ìjókòó mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ láti tú ohun tí wọ́n rí palẹ̀. Wákàtí 42 nìyẹn fún aláìsàn kan ṣoṣo, lọ́wọ́ olùtọ́jú méjì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀ láti fọwọ́ sí MDMA, ó ní kí wọ́n tún ìwádìí mìíràn ṣe. Ọ̀kan nínú ohun tó dí i lọ́wọ́ ni pé ẹni tó gba MDMA máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun gbà á, nítorí náà kò rọrùn láti mọ èyí tí í ṣe iṣẹ́ oògùn àti èyí tí í ṣe iṣẹ́ ìrètí. Ohun mìíràn ni pé FDA kì í ṣàkóso ìtọ́jú ọlọ́rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn àti ọ̀rọ̀ wọnú ara wọn níhìn-ín bí omi àti gààrí. Ní oṣù kan náà ni ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan fa àpilẹ̀kọ mẹ́ta sẹ́yìn lórí ìwádìí MDMA, nítorí ìwà tí kò tọ́ tí àwọn olùtọ́jú hù sí obìnrin aláìsàn kan ní Kánádà, wọ́n fi ara kan ara rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò yẹ nígbà tí oògùn wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí kò ṣeé fò kọjá. Ẹni tí iyè rẹ̀ yí padà lè máa sunkún kó ní kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú, ìtùnú gidi sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹni kan náà kò lè sọ pé rárá bó ṣe lè sọ ọ́ lánàá. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tó péye máa ń kọ́ olùtọ́jú láti ṣe àdéhùn ṣáájú, ní ọjọ́ tí ojú aláìsàn wálẹ̀: ibo ni mo lè fọwọ́ kàn, ibo ni mi ò gbọ́dọ̀ kàn, ọ̀rọ̀ wo ni ìwọ yóò sọ tí màá fi jáwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí wọn kò bá fẹnu kò lé lórí lánàá, wọn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, kódà kí aláìsàn fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àwa ará Àgbádárìgì yẹ kí á mọ ìwúwo èyí. Ìtàn tí à ń sọ fún àwọn àlejò ní Gbẹ̀rẹ̀fú, lójú ọ̀nà etíkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọkọ̀, ni pé wọ́n fún wọn ní omi kànga kan mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìlú tó gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́ra mọ ohun tó jẹ́ kí ẹlòmíràn gba iyè ọmọnìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ láìfẹ́.

Ìkejì tó ṣòro láti kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́. Nínú wákàtí mẹ́jọ, olùtọ́jú lè má sọ̀rọ̀ ju díẹ̀ lọ. Aláìsàn á fi aṣọ bo ojú, orin á máa lọ, olùtọ́jú á jókòó. Ẹni tó ti mọ́ lára láti gbani nímọ̀ràn, tàbí láti gbàdúrà léni lórí, yóò fẹ́ túmọ̀ ohun tí aláìsàn rí: “Ìyá rẹ nìyẹn,” “Ọ̀tá ilé ni.” Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti gbin nǹkan sínú ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Mo mọ bí ó ti nira tó fún wa níhìn-ín, torí pé ìtumọ̀ ni à ń sanwó fún lọ́dọ̀ aláàfáà àti wòlíì.

Àríyànjiyàn kan tún wà tí kò tíì parí, bóyá olùtọ́jú fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ síbi tó fẹ́ mú aláìsàn lọ. Àwọn kan ní atọ́nà tí kò rin igbó rí yóò ṣi ọ̀nà. Ètò MDMA ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ gba àyè ìwádìí kan tí àwọn olùtọ́jú fi lo oògùn náà nínú ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn mìíràn ní dókítà tó ń tọ́jú ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò nílò kí ìtọ̀ ṣúgà ṣe òun, àti pé ẹni tí oògùn dùn mọ́ lè di ajíhìnrere rẹ̀, tí kò ní lè rí àléébù rẹ̀ mọ́. Èmi fara mọ́ ìdajì ìdajì: níbi tí mímí tàbí hypnosis ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ ti wà níbẹ̀ rí, nítorí òfin kò dè é, níbi tí oògùn ni, kí iṣẹ́ lábẹ́ alábòójútó gba ipò rẹ̀.

Lórí iye àkókò ẹ̀kọ́, àwọn ìlú kò fẹnu kò. Ní Oregon, níbi tí àwọn ará ìlú ti dìbò ní 2020 pé kí psilocybin di ohun tí a lè lò lábẹ́ àbójútó, olùdarí gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 120 ó kéré tán, kó sì ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe wákàtí 40, ṣùgbọ́n kò di dandan kó jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ìpínlẹ̀ Colorado dìbò irú rẹ̀ ní 2022. (Ìpínlẹ̀ ni mo ń sọ o, kì í ṣe Colorado tí àwọn ọmọ wa ń fà lábẹ́ bíríìjì, májèlé ni ìyẹn.) Ọsirélíà gba ọ̀nà mìíràn: láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023, àwọn dókítà ọpọlọ tí ìjọba fún láṣẹ nìkan ló lè kọ MDMA tàbí psilocybin fún aláìsàn, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ìwà-ọmọlúàbí bá ti yẹ ètò wọn wò. Wákàtí 120 pọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ fíìfíì, síbẹ̀ fún ẹni tí kò tọ́jú aláìsàn ọpọlọ kankan rí, mi ò rò pé ó tó.

Ní Nàìjíríà, LSD, MDMA àti psilocybin wà lábẹ́ òfin NDLEA, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí ẹ̀wọ̀n. Ketamine nìkan ló wà nílé ìwòsàn wa, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì ti ń lò ó láti pa ìrora. Ní òkè òkun, wọ́n ti fọwọ́ sí oríṣi rẹ̀ kan tí à ń fín sí imú fún ìbànújẹ́ tí kò gbọ́ oògùn, láti 2019, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ jókòó sí ilé ìwòsàn fún wákàtí méjì ó kéré tán lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin wèrè ayé àwọn òyìnbó, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ọpọlọ tó wà fún àwa tó lé ní 200 mílíọ̀nù kò tó 300. Bí aláìsàn kan bá ń gba wákàtí 42 lọ́wọ́ ènìyàn méjì, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ibi tí oníṣẹ́ kò ti tó ni ẹlẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ti ń rí ọjà tà.

Kì í sì í ṣe pé a kò ní ìpìlẹ̀. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, ní Abẹ́òkúta: aláìsàn ọpọlọ yóò máa gbé abúlé itòsí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo tún gba àwọn babaláwo àti oníṣègùn mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́, kó lè mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó wá sí Aró ní 1957, jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, ó kọ nípa bí wọ́n ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ mú orí tó dàrú rọlẹ̀, ó sì padà di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀mí ṣe ń gun ènìyàn àti ìyípadà iyè. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ olùtọ́jú lónìí pé kí ẹnikẹ́ni má fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan ń sọ ohun tí Aró ti ń ṣe ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ó kọ̀wé sí àwọn tó polówó, ó ní ta ni yóò máa ṣọ́ òun nígbà tí òun bá ń tọ́jú ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́, àti kí ni kí òun ṣe bí wárápá bá gbé ẹnìkan níbi tó ti ń mí. Ọjọ́ mẹ́fà kọjá, wọn kò dáhùn. Kò san owó náà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ láti Àgbádárìgì lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, ó lọ béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ tó wà níbẹ̀.